San rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù rẹ o

Àbúrò mi tó béèrè bóyá kí òun fi ṣọ́ọ̀bù òun ní Ọjà Ọba sílẹ̀, kí òun kó owó rẹ́ǹtì ọdún yìí sórí ìpolówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì: mo ti ṣe irú ẹ̀ rí. Aṣọ òfì ni èmi náà ń tà ní Ìlọrin níbí, ìdí òfì ni bàbá mi ti tọ́ wa. Ìkànnì tí mo fi ọdún mẹ́jọ sìn, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò wá ẹjọ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ó dùn. Màá ya fọ́tò aṣọ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹnì kan á ti pè mí láti Èkó. Mo wá dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwa ahunṣọ. Àwọn àgbà ń ṣàlàyé bí a ṣe ń rẹ òwú sínú aró, bí a ṣe ń dá sányán gidi mọ̀. Èmi ni mò ń dáhùn ìbéèrè títí di aago kan òru, èmi náà ni mò ń làjà. Ìyàwó mi á ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló ń sanwó fún yín níbẹ̀?" Inú á bí mi.

Nígbà tí àwọn tó ń tẹ̀lé mi pé 11,000, ó yẹ kí ọjà yá sí i, àbí? Ṣe ló ń kù. Aṣọ tí mo bá gbé síta, èèyàn 200 kì í rí i. Bọ́tìnì kan wá yọ lábẹ́ rẹ̀: sanwó, kí wọ́n lè rí ọ. Àwọn tí mo fi ẹnu ara mi pè jọ! Mo san ₦5,000. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo san ₦20,000. Láìkì rọ̀ bí òjò, aṣọ méjì ni mo tà.

Ìjà nìkan ni kò gba owó. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan sọ pé òfì Ìsẹ́yìn ju ti Ìlọrin lọ (irọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀), èébú náà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò mọ òwú yàtọ̀ sí okùn. Àlàyé aró tí bàbá kan tó ti lé ní 80 ọdún fi ọjọ́ méjì ṣe fún wa, èèyàn 40 ló rí i. Abẹ́ àlàyé yẹn gan-an ni ìpolówó òfì ẹ̀rọ láti òkè òkun wá jókòó sí. Àwa la pe èrò jọ, olófì ẹ̀rọ ló pàtẹ, ẹni tí kò hun ìgbọ̀nwọ́ kan rí ló gba owó ìsọ̀.

Ẹ rántí WhatsApp. Nígbà tí Facebook kéde ní 2014 pé òun máa rà á ní bílíọ̀nù 19 dọ́là, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò pé 60, àwọn tó ń lò ó sì lé ní mílíọ̀nù 400. Kì í ṣe torí àga àti tábìlì ni wọ́n ṣe ná irú owó yẹn, torí èrò tó pé jọ síbẹ̀ ni.

Ní 2021, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n tì mí síta. Wọ́n ní mo rú òfin, wọn ò sọ èwo. Mo kọ̀wé títí, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa lọ́jà, o ṣáà mọ ilé tí wàá lọ, o mọ àgbà tí wàá bẹ̀ kó bá ọ dé ibẹ̀. Bàbá tó ṣàlàyé aró yẹn ti kú. Mi ò ní ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀ kankan.

Mi ò ní kó o má lo fóònù rẹ o. Èmi náà ṣì ń gbé fọ́tò síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ẹni tó bá ti ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ, gba nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, ìwé tá a ń fi bírò kọ. Orúkọ tó wà nínú tèmi ti lé ní 600. Kí Iléyá tó kọjá yìí tó dé, mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni 31 ló ra aṣọ. Owó káàdì tí mo fi pè wọ́n kò tó ₦20,000 yẹn.