Yoshino-gun kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀ o

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ wo òdòdó sakura lórí òkè Yoshino láàárọ̀, kí o sì dé abúlé Totsukawa kí ilẹ̀ tó ṣú, torí pé Yoshino-gun, ní ìpínlẹ̀ Nara, ni àdírẹ́sì méjèèjì gbé e sí. Má dán an wò. Mo dán an wò lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé Japan, n kò sì fojú kan Totsukawa lọ́jọ́ náà.

"Gun" yẹn ló ṣì mí lọ́nà. Mo rò pé bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa ni. Mo wọ ọ́fíìsì ìlú kan níbẹ̀, mo ní kí wọ́n júwe ọ́fíìsì gun náà fún mi. Obìnrin tó dá mi lóhùn fi sùúrù ṣàlàyé pé láti ọdún 1926 ni wọ́n ti ti ọ́fíìsì gun pa káàkiri Japan. Orúkọ ló kù, inú àdírẹ́sì ló sì kù sí. Ìlú 3 àti abúlé 8 ló ń jẹ́ Yoshino-gun, oníkálukú ló ní olórí àti ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Tó o bá máa gbé ibẹ̀, ọ̀dọ̀ ìlú tàbí abúlé tó o wà ni wàá ti gba ìwé èyíkéyìí.

Ti ọ̀nà ló wá le jù. Òkè Ōmine ló dábùú àárín ibi méjèèjì, ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù ga tó mítà 1,915. Wo omi, yóò yé ọ: odò Yoshino ń ṣàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, odò Totsukawa kọjú sí gúúsù títí tó fi bọ́ sínú òkun ní Shingū. Rélùwéè dé Yoshino, kò dé Totsukawa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè láti Gojō sí Shingū nígbà kan, wọn ò parí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ló kù, láti ibùdókọ̀ rélùwéè Yamato-Yagi gba Gojō àti Totsukawa lọ sí Shingū, nǹkan bí kìlómítà 167, ó ju wákàtí mẹ́fà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta péré lóòjọ́. Nígbà tí mo fi sọ̀ kalẹ̀ láti Yoshino dé Gojō, èyí tó kẹ́yìn ti lọ. Gojō ni mo sùn.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí o fi gbọ́dọ̀ fún Totsukawa láyè tirẹ̀. Òun ni abúlé tó fẹ̀ jù ní Japan, ó fẹ̀ ju àdúgbò 23 tó jẹ́ àárín gbùngbùn Tokyo lọ, àwọn èèyàn rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí 3,000. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, òjò rọ̀ débi pé òkè ya, ilẹ̀ tó ya dí odò, omi kó jọ sẹ́yìn rẹ̀ títí ó fi já, ó sì gbé ilé àti oko lọ. Èèyàn 168 kú. Nǹkan bí agboolé 600, èèyàn bíi 2,500, kò rí ilẹ̀ padà sí mọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti kó lọ sí Hokkaido, ní àríwá pátápátá, sínú òtútù. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní Shin-Totsukawa, ìyẹn Totsukawa Tuntun. Lónìí, èrò ibẹ̀ ju ti abúlé ìyá lọ. Nígbà tí ìjì tún mú kí òkè ya ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, àwọn ọmọ àríwá yẹn fi owó ránṣẹ́ sílé. Lẹ́yìn ọdún 122! Ìyá tó gbà mí sílé nígbà tí mo padà lọ ló sọ ọ́ fún mi. "Àwọn èèyàn wa" ló ń pè wọ́n. Omi lé sí mi lójú.

Torí náà, wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ ní Yamato-Yagi láàárọ̀, sọ̀ kalẹ̀ wo afárá Tanize, èyí tí àwọn ará abúlé dá owó jọ ṣe lọ́dún 1954: mítà 297 ni gígùn rẹ̀, odò sì wà ní mítà 54 nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ. Bọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e ni kó o wọ̀ lọ síbi tí wàá sùn. Lo òru méjì níbẹ̀. Ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún òkè Yoshino.