Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Táǹkì mítà 2, ṣé ìlọ́po méjì omi ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé. Inú táǹkì omi tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ sẹ́yìnkùlé gùn ní mítà 1, ó fẹ̀ ní mítà 1, ó sì ga ní mítà 1. Kì í tó wa lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fẹ́ òmíràn tó máa gba ìlọ́po méjì, mo wá ní kí bíríkìlà sọ gbogbo rẹ̀ di mítà 2. Ó ní ìlọ́po mẹ́jọ ni yóò gbà. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 ní kúùbù 2 ni, pé 6 ni. Ta ni ká gbọ́?

ÌDÁHÙN: Bíríkìlà yín ló tọ̀nà. Gígùn, fífẹ̀ àti gíga ló jọ dàgbà pọ̀, nítorí náà 2 × 2 × 2 la máa ṣe, òun ni wọ́n ń pè ní kúùbù 2: 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4, 4 lọ́nà 2 jẹ́ 8.

Ọmọ yín rí 3 kékeré tí wọ́n kọ sí òkè 2, ó sì ṣe 2 × 3. Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án sí i. Dáìsì lúdò ni kẹ́ ẹ wá fún un. Kó to mẹ́rin sílẹ̀, méjì ní gígùn, méjì ní fífẹ̀, kó wá to mẹ́rin mìíràn lé wọn lórí. Tó bá kan kúùbù 3, mẹ́sàn-án ni yóò tò sílẹ̀, yóò sì tò ó ní ìpele mẹ́ta: 27. Nígbà náà ni yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé 9 tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ, ìpele ìsàlẹ̀ nìkan ni.

Ní ti táǹkì, èyí tẹ́ ẹ ní ń gba 1,000 lítà, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 40. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mọ yìí á gba 8,000 lítà, kẹ́ẹ̀gì 320. Omi inú rẹ̀ nìkan á wúwo tó tọ́ọ̀nù 8, á sì máa fi ìlọ́po méjì agbára ti ìsàlẹ̀ ògiri. Ẹ̀rù èyí ló ń bà mí jù, kì í ṣe ti owó. Búlọ́ọ̀kù kò tiẹ̀ ní di ìlọ́po mẹ́jọ: ojú ògiri kọ̀ọ̀kan á di 2 × 2, nítorí náà ìlọ́po mẹ́rin ni.

Tó bá jẹ́ 2,000 lítà lẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí gígùn nìkan di mítà 2, kí fífẹ̀ àti gíga wà ní mítà 1. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dọ́gba yíká, mítà 1.26 ni kí gbogbo rẹ̀ jẹ́, 1.26 × 1.26 × 1.26 fi bíńtín ju 2 lọ. Inú táǹkì ni kí bíríkìlà wọ̀n o, torí búlọ́ọ̀kù onínṣì 9 nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 23, ọ̀tún àti òsì ló sì wà. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lára ti mítà 2, ẹ kọ́kọ́ pe ẹnjiníà kó wá yẹ ilẹ̀ náà wò, kó sì sọ irú irin tí ògiri yóò nílò.