Wáyà tó wà lẹ́yìn bàbá: àlùwàlá ni àbí tayamọ́mù?

Ìbéèrè: Àáfà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa wà nílùú Faransé. Ìrora ẹsẹ̀ kò fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, làwọn dókítà bá ki wáyà tín-ín-rín bọ̀ wọ́n lẹ́yìn, wọ́n so ó mọ́ bátìrì tó wà níta kí iná rẹ̀ lè dín ìrora náà kù, wọ́n ní àwọn á fi ọ̀sẹ̀ kan dán an wò. Àáfà kan níbí ní Àjàṣẹ́ ní tayamọ́mù, ìyẹn fífi erùpẹ̀ ṣe ìmọ́ra dípò omi, ni kí wọ́n máa ṣe, torí omi ò gbọ́dọ̀ kàn án, àti pé iná tó wà lára wọn ń ba ìrun jẹ́.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, Ọlọ́run á fún bàbá ní àlàáfíà. Ta ló ń fọ ẹ̀yìn nínú àlùwàlá? Ojú, apá dé ìgúnpá, orí, ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀: èwo ni wáyà wà níbẹ̀? Kí wọ́n ṣe àlùwàlá wọn bí wọ́n ti ń ṣe é. Ìrun tí wọ́n bá ti fi tayamọ́mù yẹn kí, kí wọ́n tún un kí.

Ìwẹ̀ jánábà, ìyẹn ìwẹ̀ gbogbo ara lẹ́yìn ìbálòpọ̀ tàbí irú rẹ̀, lọ̀rọ̀ wà. Bí omi bá wọ ojú ibi tí wáyà ti yọ, kòkòrò lè gba ibẹ̀ dé ìtòsí ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn dókítà á sì yọ gbogbo wáyà náà dànù. Kí bàbá wẹ ara tó kù, kí wọ́n fi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì. Tí nọ́ọ̀sì bá pààrọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tún un pa. Àwa tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Ímáàmù Málíkì ò béèrè pé kéèyàn ti ní ìmọ́ra kí wọ́n tó di ọgbẹ́ náà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ọ̀nà àwọn mìíràn ló ń kà.

Ti iná, kò sí áyà, kò sí hádíìsì. Iná kì í ṣe ẹ̀gbin. Àdádáálẹ̀ gbáà ni kéèyàn ní ó ń ba ìrun jẹ́!

Ohun tí àáfà yẹn ì bá kìlọ̀ ni ìtẹríba. Bí ìdánwò bá yọrí sí rere, wọ́n á ri bátìrì sábẹ́ awọ, níbi ìdí tàbí ikùn. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wáyà ò tíì dì mọ́ ẹran ara. Bí bàbá bá tẹ̀ tàbí lọ́ ẹ̀yìn, ó lè yẹ̀, iná á wá máa lọ síbi tí kò dùn wọ́n. Kí wọ́n dúró ka Fátíhà, kí wọ́n fi orí júwe rúkúù ní ìdúró, kí wọ́n wá jókòó sórí àga fi orí júwe sùjúdù. Kí wọ́n má ṣe jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ bí àwọn tó ń lo àga ní mọ́sálásí wa ti ń ṣe! Ànọ́bì sọ fún Ímúrán ọmọ Húsáínì, ọ̀kan lára àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀, pé kó kírun ní ìdúró. Bí kò bá lè dúró ni kó jókòó. Tí wọ́n bá fẹ́ sálámà, ọrùn ni kí wọ́n yí, kì í ṣe ìbàdí.

Tí dókítà bá ti yọ̀ǹda, rúkúù àti sùjúdù padà dé. Iná lè le lójijì bí ara bá yí ipò. Kí wọ́n fi rìmóòtù dín in kù kí wọ́n tó wọ ìrun.

Ààwẹ̀ ńkọ́? Bí bátìrì náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ṣáàjì, orí awọ ni wọ́n ti ń ṣe é, nǹkan kan ò gba ọ̀fun wọlé. Ààwẹ̀ wọn wà.