Ṣé kọ́lẹ́ẹ̀jì lè fún mi ní kírẹ́dítì nítorí iṣẹ́ tí mo ti ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Mo gba OND nínú akáńtì, mo sì tọ́jú ìwé owó ní ilé-iṣẹ́ kan n'Íbàdàn fún ọdún 11 kí n tó kó wá sí Houston. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí. Èmi ni mo ń ṣètò àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́. Mo fẹ́ gba dìgírì báyìí nínú ìṣàkóso okòwò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó máa wo ìrírí mi, tí á sì fún mi ní dìgírì ní dọ́là 1,500 láìjókòó ní kíláàsì rárá. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni, pé kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń ka iṣẹ́ ẹni sí. Ta ni ń sọ òótọ́ nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrójú, mà. Kò sí èyí tó sọ òótọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni kí n kọ́kọ́ mú, kí owó má lọ jáde lápò yín. Ẹ má san án o. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gidi kan ní Amẹ́ríkà tó ń fi ìrírí nìkan ta odindi dìgírì. Àwọn tó ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀ pọ̀, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ sì máa ń jọ ti yunifásítì ńlá. Ní Texas tí ẹ ń gbé, ẹni tó bá fi dìgírì ayédèrú wáṣẹ́ tàbí tó fi gba ìgbéga ti rú òfin ọ̀daràn ìpínlẹ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ to orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ìfọwọ́sí sórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ wá a níbẹ̀. Ní agbègbè yín, àjọ SACSCOC ló ń fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì. Bí ẹ kò bá rí orúkọ yunifásítì tí ọ̀rẹ́ yín sọ lórí ìkànnì yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹnì kejì náà kò mọ̀. Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ibí ti ń fún àgbàlagbà ní kírẹ́dítì, ìyẹn ẹyọ tí wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́ tí èèyàn ti parí mọ́ dìgírì rẹ̀, fún ohun tí wọ́n kọ́ níta kíláàsì. Àwọn sójà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: nígbà tí wọ́n ń ti Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀, American Council on Education, tí wọ́n ń pè ní ACE, ń yẹ ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ológun wò, láti sọ iye kírẹ́dítì tó tọ́ sí i. Nígbà tó yá, wọ́n dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ torí àgbàlagbà gan-an, bíi Thomas Edison ní New Jersey ní 1972 àti Charter Oak ní Connecticut ní 1973.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ gbọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ka ọdún. Ohun tí ẹ mọ̀, tí ẹ sì lè fi hàn pé ẹ mọ̀, ni wọ́n ń fún ní kírẹ́dítì. Èèyàn lè lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ kan, kó sì jẹ́ pé ohun tó kọ́ lọ́dún àkọ́kọ́ náà ló ṣì ń ṣe.

OND yín kò sí lára ìrírí rárá. Inú kíláàsì ni ẹ ti gbà á, ọ̀nà tirẹ̀ sì yàtọ̀: ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè, irú WES tàbí ECE, ló máa gba transcript yín. Àyẹ̀wò tó to kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kírẹ́dítì àti máàkì rẹ̀ ni kí ẹ béèrè fún, kì í ṣe èyí tó kàn sọ pé ojúlówó ni ìwé yín. Ẹni tó bá ti béèrè transcript nílé rí mọ ìdí tí mo fi ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibí ni kírẹ́dítì tó pọ̀ jù ti máa wá fún yín, bẹ́ẹ̀ mo máa ń rí àwọn tó pa á tì nítorí pé ìrírí ni wọ́n ń lé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìdánwò. CLEP ló gbajúmọ̀ jù. College Board, àwọn tó ń ṣe SAT, ìdánwò ìwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló ni ín, ó sì ti wà láti 1967. Ẹ kò ní jókòó ní kíláàsì. Ẹ kàn máa lọ ṣe ìdánwò bíi wákàtí kan àbọ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 20 dé 80, 50 ni ACE sì dábàá pé kí kọ́lẹ́ẹ̀jì kà sí àṣeyege, àmọ́ àwọn kan máa ń béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ kò tó dọ́là 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibùdó ìdánwò lè gba tiwọn lọ́tọ̀. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo Modern States: ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ wọn, bí ẹ bá sì kà á parí, wọ́n máa ń san owó ìdánwò náà.

Financial Accounting wà lára àwọn ìdánwò CLEP, ọkàn yín á sì ti fò síbẹ̀. Ẹ rọra, mà. Láti 2012 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Nàìjíríà ti ń bọ́ sórí IFRS, ìlànà ìṣirò owó tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò; ìlànà Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní GAAP, ni ìdánwò yìí dúró lé. Ẹ wo LIFO, ìṣirò tó gbà pé ọjà tó dé kẹ́yìn la kọ́kọ́ tà: IFRS kò fàyè gbà á, GAAP fàyè gbà á, ó sì wà lára ohun tí wọ́n lè bi yín. Ọwọ́ yín mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ kàwé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi máa dúró oṣù mẹ́ta kó tó tún un ṣe. Principles of Management náà wà níbẹ̀, ó sì bá iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ mu.

Èyí tó ta kókó jù ni portfolio, ìyẹn fáìlì ẹ̀rí, kì í sì í ṣe gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń gbà á. Ẹ ó mú kọ́ọ̀sì kan pàtó tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹ ó wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ bó bá parí rẹ̀, ẹ ó wá kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rí lẹ́yìn rẹ̀. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ náà dunjú ló máa kà á. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kọsẹ̀ rèé. Wọ́n á kọ ọ́ pé, “Mo ti jẹ́ ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ mẹ́wàá láti ọdún mẹ́fà.” Olùkọ́ á ní, ó dáa, kí lẹ wá mọ̀? Ẹ sọ fún un bí ẹ ṣe rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ ń pa iṣẹ́ jẹ ní òpin ọ̀sẹ̀, ohun tí ẹ rò pé ó fà á, ohun tí ẹ yí padà nínú rósítà, èyí tó ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì so ó mọ́ ohun tí àwọn ìwé ìṣàkóso ń sọ nípa ohun tó ń mú òṣìṣẹ́ tẹra mọ́ṣẹ́. Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Rósítà tí ẹ ṣe àti ìwé tí ẹ fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, ẹ̀rí ni wọ́n. Ẹ yọ orúkọ àwọn arúgbó kúrò nínú gbogbo rẹ̀ o, torí òfin HIPAA dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìlera wọn. Bí ọ̀gá yín bá máa kọ lẹ́tà, kó kọ ohun tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe. “Òṣìṣẹ́ rere ni, ó sì bẹ̀rù Ọlọ́run” kò ní mú kírẹ́dítì kan wá.

Ọ̀pọ̀ wa kì í tiẹ̀ rántí pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ lè mú kírẹ́dítì wá. ACTFL, àjọ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ẹ̀kọ́ èdè, ní ìdánwò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún un, ACE sì ti dábàá iye kírẹ́dítì tó tọ́ sí ìpele kọ̀ọ̀kan. Ó wúlò gan-an bí dìgírì yín bá béèrè èdè mìíràn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fojú di í, ṣá. Ẹ lè ní láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, kí ẹ sì gbèjà èrò yín, ẹni tó ń da Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ gbogbo gbólóhùn á sì làágùn níbẹ̀.

Dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin jẹ́ kírẹ́dítì 120, SACSCOC sì fẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ èyí tí ẹ kọ́ lọ́dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó máa fún yín ní ìwé. Nítorí náà, kíláàsì kò ní ṣàì sí. Pell, owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó lọ́wọ́, kì í san owó CLEP, kírẹ́dítì tí ẹ bá fi ìdánwò gbà kì í sì í mú iye Pell yín pọ̀ sí i. Bí ẹ bá sì yí ọkàn padà sí nọ́ọ̀sì, ẹ má retí kí portfolio rọ́pò iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe lọ́dọ̀ aláìsàn lábẹ́ ojú olùkọ́.

Kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò kankan, ẹ yan kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ gba ìwé tó to gbogbo kọ́ọ̀sì dìgírì náà, kí ẹ sì fi í-meèlì béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn ibẹ̀: ìdánwò wo lẹ ń gbà, máàkì mélòó lẹ fẹ́, kọ́ọ̀sì wo gan-an ló máa rọ́pò, mélòó lẹ máa ń gbà lápapọ̀, èló sì ni àyẹ̀wò portfolio? Ìbéèrè kẹta yẹn ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ, torí kírẹ́dítì tó bá bọ́ sí àyè kọ́ọ̀sì àṣàyàn tó ti kún kò ní dín ọjọ́ kan kù nínú ẹ̀kọ́ yín. Ẹ má gba ìdáhùn ẹnu. Ẹ tọ́jú í-meèlì tí wọ́n bá fi fèsì, torí olùdámọ̀ràn náà lè ti kúrò níbi iṣẹ́ kí ẹ tó parí.