Ẹ Bi Olóòtú: Àwọn Olólùfẹ́ Ọkọ̀ Òkun Nígbà Tí Ọkọ̀ Kò Rìn

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí mi tó ń gbé ní Southampton, ìlú èbúté kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé nígbà àrùn Kòrónà, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun tí wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ a máa wọ aṣọ òde jẹun alẹ́ nínú ilé wọn, wọn a sì máa fi fídíò kí ara wọn. Ṣé eré lásán ni?

Ìdáhùn: Eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó nídìí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ dá ìrìn-àjò dúró. Nínú ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, alẹ́ kan máa ń wà tí àwọn èrò ń múra bí ẹni ń lọ sí ìgbéyàwó. Alẹ́ yẹn ni wọ́n ń ṣe nínú ilé (mo sì gbà pé ẹni tó wọ sálúbàtà sábẹ́ kóòtù yóò gba yẹ̀yẹ́ tó tọ́ sí i). Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti etíkun Weymouth àti Torbay ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńláńlá bíi Queen Victoria àti Aurora ti dákọ̀ró láìní èrò, tí àwọn olólùfẹ́ wọn ń wá wò wọ́n láti etí òkun, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sanwó ọkọ̀ kékeré kí wọ́n lè sún mọ́ wọn. Oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni ìrìn-àjò tún bẹ̀rẹ̀ láti Southampton, nínú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan.