Òfin ìbílẹ̀ ní títì ẹsẹ̀ bàtà 20, ìpínlẹ̀ ní mítà 9: èwo ni ká tẹ̀ lé?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Kánsẹ́lọ̀ ni mí ní wọ́ọ̀dù kan tí oko ti ń di ìgboro. Òfin tí ìjọba ìbílẹ̀ wa ṣe lọ́dún 1994 lórí gígé ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì gbà pé kí títì àdúgbò fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ wá láìpẹ́ yìí, wọ́n ní òfin tuntun kò gba ohun tó bá kéré sí mítà 9. Ẹbí kan ṣì ní éékà 5 nílẹ̀, wọ́n ti ta ìyókù. Wọ́n ń bínú pé a fẹ́ fi títì jẹ ilẹ̀ bàbá wọn. Ṣé ká kàn yí nọ́ńbà inú òfin wa padà ni? Àwọn tó ti kọ́lé ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Kánsẹ́lọ̀ wa, ẹ ṣeun tí ẹ bèèrè nígbà tí éékà 5 yẹn ṣì wà nílẹ̀. Ti ìpínlẹ̀ lẹ máa tẹ̀ lé. Lọ́dún 2003, nínú ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Èkó pe ìjọba àpapọ̀, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a pé ìpínlẹ̀ ló ni agbára lórí ètò ìlú. Lára ohun tí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ni lílà títì àti gọ́tà àti títún wọn ṣe, sísọ títì lórúkọ, àti fífún ilé ní nọ́ńbà. Gígé ilẹ̀ kò sí níbẹ̀. Kódà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ní abala 34, sọ pé ilẹ̀ ìgboro tí a kò tíì kọ́lé sí kò ṣeé gé sí pulọ́ọ̀tì láìgba àṣẹ gómìnà ní kíkọ.

Ẹ jẹ́ ká jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹbí náà, torí ibẹ̀ ni ìjà wà. Ẹ mú bírò, kẹ́ ẹ ṣe ìṣirò yìí lójú wọn. Éékà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 43,560; márùn-ún jẹ́ 217,800. Pulọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó gùn ní 100, gba 5,000. Ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ló ń ru ìdajì títì tó wà níwájú rẹ̀. Tí títì bá jẹ́ 20, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 10. Ẹ fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 500. Pulọ́ọ̀tì kan wá ń ná wọn ní 5,500, ilẹ̀ náà yóò sì mú 39 jáde. Mítà 9 kò tó ẹsẹ̀ bàtà 30 tán, àmọ́ ẹ jẹ́ ká pè é ní 30. Pulọ́ọ̀tì kan di 5,750, ilẹ̀ náà sì mú 37 jáde. Mi ò tíì ka títì tó máa dábùú wọn. Pulọ́ọ̀tì méjì péré ni gbogbo ìbínú yẹn dúró lé lórí, ẹni tó bá sì ra ilẹ̀ sójú títì tí ọkọ̀ méjì lè yà fún ara wọn kì í dúnàádúrà bí ẹni tó rà á sínú ọ̀nà tóóró.

Mo ti na téèpù ní àdúgbò kan tí layout rẹ̀, ìyẹn àwòrán bí wọ́n ṣe gé ilẹ̀ náà, sọ pé títì jẹ́ 20. Fẹ́ǹsì ẹnì kan ti yọ síta, ìdérí sọkàwéè ẹlòmíràn wà lóde géètì, òpó iná dúró níwájú ẹnì kẹta. Ohun tó kù fún ọkọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 13. Ọkọ̀ tó ń fa ṣalángá kò lè wọlé lọ́jọ́ náà. Oríta ló dúró sí, wọ́n sì ń so rọ́bà mọ́ rọ́bà gba iwájú ìdáná obìnrin kan kọjá. Tó bá wá jẹ́ ọkọ̀ panápaná ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ má ṣe yí nọ́ńbà nìkan padà. Tẹ́ ẹ bá kọ mítà 9 sílẹ̀ lónìí, ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ bá tún un ṣe ni òfin yín tún di ògbó. Ẹ kọ ọ́ pé: kí títì fẹ̀ bí òfin ìpínlẹ̀ tó wà lójú iṣẹ́ bá ṣe là á sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tó kọ ọ́, ẹ gba ẹ̀dà òfin náà fúnra rẹ̀ ní ọ́fíìsì ètò ìlú. Ohun tí òṣìṣẹ́ fẹnu sọ kò tó. Lẹ́yìn náà, kí ọ́fíìsì yín dẹ́kun gbígba owó láti lu òǹtẹ̀ sí layout. Ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ ni kí wọ́n máa béèrè.

Ti àwọn tó ti kọ́lé, ẹ má fi katakátá dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí ìwé wọn. Òfin ètò ìlú ti 1992 ṣètò àjọ ètò ìlú fún ìjọba ìbílẹ̀ nígbà yẹn, nítorí náà òǹtẹ̀ àjọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òǹtẹ̀ rìsíìtì akọ̀wé káńsù. Ẹni tó ní ti àkọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ tó lè fi dúró. Ẹni tó ní rìsíìtì nìkan, kó tètè lọ bá ìpínlẹ̀ tún ìwé rẹ̀ ṣe. Ibi tí títì tuntun ti máa pàdé ti àtijọ́, kí awọnlẹ̀ fi gọ́tà hàn níbẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni omi máa kó jọ sí.

Ní ti éékà 5 náà, ẹ bá mi bẹ olórí ẹbí kó má gba owó àsansílẹ̀ kankan títí layout tuntun yóò fi gba àṣẹ. Tí ẹnì kan bá ti san, kí wọ́n fi pulọ́ọ̀tì rẹ̀ hàn án nínú àwòrán tuntun kí awọnlẹ̀ tó ri píllà, torí owó mìíràn ni wọ́n máa ná kí wọ́n tó hú u.