Ṣé lésà ló ń han nínú máṣíìnì mi yìí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Takie, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo ti ń fi máṣíìnì lésà 20 wáàtì kọ orúkọ sára kọ́ọ̀bù irin fáwọn tó ń ṣe ìnáwó. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ṣe ló máa ń han gooro. Mo wá rí fídíò kan tí lésà ń dún pápápá nínú afẹ́fẹ́ lásán, kò kan nǹkan kan. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé tèmi náà ń fọ́ afẹ́fẹ́ ni, kó má lọ di mí létí?

Ìdáhùn: Fídíò yẹn lè jóòótọ́ dáadáa, àmọ́ tiyín yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ kì í dún, afẹ́fẹ́ ló ń pariwo. Tí afẹ́fẹ́ bá gbóná lójijì, kò ráyè fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣe ló máa bú gbàmù, bí mànàmáná ṣe ń di àrá nìyẹn.

20 wáàtì tẹ́ ẹ rí lára máṣíìnì yẹn, kì í tú u jáde lọ gbọọrọ o, ńṣe ló ń yìn ín wẹ́wẹ́, bóyá ìgbà 20,000 ní sẹ́kọ́ǹdì kan, àsìkò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń jáde wá kúrú débi pé agbára ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn lè tó 10,000 wáàtì. Ẹni tó fọwọ́ tì yín jẹ́jẹ́, ẹ lè má mọ̀ ọ́n lára, kó fọwọ́ yẹn náà gbá yín létí ná! Irú lésà tó ń dún nínú afẹ́fẹ́ lè má lo iná ju tiyín lọ ní ìyìn kan, àmọ́ àsìkò tó fi ń yìn ín lè kúrú ju tiyín lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan, ó ti di bílíọ̀nù 10 wáàtì nìyẹn. Tó bá sì ti ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 3 wáàtì lọ, afẹ́fẹ́ gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi lẹ́ǹsì, á fún iná náà pọ̀ títí á fi tín-ín-rín bí irun orí, afẹ́fẹ́ tó wà lójú ọ̀nà tín-ín-rín yẹn á gbóná lójijì, á sì dún. Lọ́dún 2021 wọ́n gbé irú ẹ̀ gun òkè Säntis ní Switzerland láti fi darí mànàmáná, ìgbà 1,000 ló ń yìn ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ohun tó bá ń dún léraléra tó bẹ́ẹ̀, etí ò lè kà á mọ́, bíi fèrè ló máa gbọ́ ọ.

Tiyín ò lágbára ìyẹn. Ara kọ́ọ̀bù ló ti ń dún: lésà ń sọ irin díẹ̀ di èéfín lójijì, èéfín yẹn ló ń gbá afẹ́fẹ́, ẹ wá fi ti díńgí kékeré méjì tó ń jù síwá sẹ́yìn nínú orí máṣíìnì kún un. Ẹ máa fetí sí i dáadáa jàre, ó wúlò: tẹ́ ẹ bá ń gbé orí ẹ̀ sókè sódò, ibi tó bá ti han jù tí iná ẹ̀ sì mọ́lẹ̀ jù, ibẹ̀ ni fókọ́ọ̀sì wà, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ti kóra jọ sójú kan jù.

Ojú yín ló ń bà mí lẹ́rù ju etí lọ. Iná pupa kékeré tẹ́ ẹ ń rí yẹn, atọ́nà lásán ni, lésà gan-an ò ṣeé fojú rí. Gíláàsì ojú tí wọ́n kọ 1064 sí, ìyẹn nọ́ńbà irú ìmọ́lẹ̀ tí lésà yín ń yọ, ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe dúdú tí wọ́n ń fi ṣe fáárí. Tó bá sì ń han nígbà tí kò tíì kọ nǹkan kan, ẹ yẹ fáànù ẹ̀ wò.